Ọmọ mi ti gbà á tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún fẹ́ gún un?

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ àbẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tó ń dènà èéyi àti rùbẹ́là (àrùn tó máa ń ba ọmọ inú oyún jẹ́) pa pọ̀, ìbéèrè kan náà ló ń jáde lẹ́nu àwọn ìyá ọmọ káàkiri: ọmọ mi ti gbà á nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ó wà nínú káàdì, kí ló wá dé tí ẹ tún fẹ́ gún un? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni o. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń rí gbà ò ju "ìjọba ló ní ká gún wọn" lọ, tàbí kí nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn jágbe mọ́ wọn níwájú èrò. Ẹni tí wọn ò bá dá lóhùn ní sẹ́ńtà, WhatsApp á dá a lóhùn, ẹ̀yin náà sì mọ irú nǹkan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn tí ètò yìí ń wá tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 106 ọmọ, ó gbé e látorí ẹni oṣù mẹ́sàn-án dé orí ẹni ọdún 14, ìyẹn ni pé ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, ọmọ JSS náà wà níbẹ̀, yálà ó ti gba ti èéyi rí tàbí kò gbà á rí. Ibi tó ti ń rú àwọn èèyàn lójú nìyẹn.

Èéyi, tí ọ̀pọ̀ wa kàn ń pè ní mísù, máa ń wọlé bí ọ̀fìnkìn. Ara á gbóná gan-an, imú á máa ṣàn, ojú á pọ́n, ikọ́ á wà níbẹ̀, ó di bí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin kí nǹkan wínníwínní tó bẹ̀rẹ̀ sí í sú lẹ́yìn etí àti lójú, tí á wá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sára yòókù. Ìgbà yẹn ni ìyá ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ pé èéyi ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti ń kó o ran àwọn ẹlòmíì láti bí ọjọ́ mẹ́rin kí ara rẹ̀ tó sú. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Ọmọ tó ní i lè wúkọ́ nínú yàrá kó sì jáde lọ, ẹni tó bá wọ yàrá yẹn títí dé wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀ ṣì lè fà á símú. Níbi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti ní ààbò, ọmọ kan ṣoṣo lè kó o ran èèyàn 12 sí 18, àrùn tó ń ràn tó bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ láyé.

Nílé wa, ẹmu ni wọ́n máa ń fi wẹ ọmọ tó bá ní i, wọ́n á tún fi àdín pa á lára kí gbogbo ẹ̀ lè yọ síta. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹmu, àmọ́ ohun tó ń sú sára yẹn kọ́ ló ń pa ọmọ. Òtútù àyà ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, nígbà míì ọpọlọ á wú. Ọmọ tí oúnjẹ gidi ò tó lára ẹ̀, pàápàá tí fítámì A ò tó, èéyi lè fọ́ ọ lójú pátápátá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún ọmọ tó bá ní i ní fítámì A lọ́sibítù. Nǹkan míì tún wà tí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé dáadáa láwọn ọdún àìpẹ́ yìí: fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń jẹ́ kí ara gbàgbé. Àwọn àrùn tí ara ọmọ ti kọ́ bó ṣe máa bá wọn jà tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ á parẹ́, torí ẹ̀ ni ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ èéyi á fi máa ṣàìsàn lọ́tùn-ún lósì fún oṣù púpọ̀, nígbà míì ọdún méjì mẹ́ta, tí wọ́n á sì máa wá ẹni tó ń ṣe é nínú ẹbí.

Ó dáa, kí ló dé tí ẹ̀ẹ̀kan ò tó? Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ìyá ẹ̀ ti fún un ní ààbò díẹ̀ látinú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, òun ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀ ayé, á sì máa dínkù bí oṣù ṣe ń lọ. Àbẹ́rẹ́ èéyi ní tiẹ̀, fáírọ́ọ̀sì alààyè tí wọ́n ti gba agbára ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ mélòó kan nínú ara kí ara tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Tí ààbò ìyá bá ṣì wà níbẹ̀, bí ọdẹ àdúgbò tí wọn ò sọ fún pé àlejò ń bọ̀, ṣe ló máa lé e dànù. Tí wọ́n bá gún ọmọ kùtù jù, kò ní mú, tí wọ́n bá sì pẹ́ jù, èéyi á ti ṣáájú wọn débẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n wá fẹnu kò sí fún ibi tí èéyi ti pọ̀ bíi tiwa. Nílùú Ọba, ọmọ á pé ọdún kan kó tó gba àkọ́kọ́, torí èéyi ò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ọn. Nínú ọmọ 100 tó gbà á ní oṣù mẹ́sàn-án, nǹkan bí 85 ni ó máa mú lára wọn. Àwọn 15 tó kù yẹn, ìyá wọn ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì, ọmọ sunkún ẹ̀, àmọ́ kò mú, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fojú mọ èyí tí kò mú lára ẹ̀. Torí wọn ni ìkejì ṣe wà, èyí tí wọ́n ń gún ní oṣù 15. Ọmọ tó bá ti gba méjèèjì, ó ti di nǹkan bí 97 nínú 100 nìyẹn. Ọmọ tó sì ti ní ààbò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá tún gún un, ara ẹ̀ á kàn dá fáírọ́ọ̀sì inú àbẹ́rẹ́ náà mọ̀, á sì pa fáírọ́ọ̀sì náà, ó parí. Kò lè "pọ̀ jù lára ọmọ" bí wọ́n ṣe ń sọ.

Ọdún 2019 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti oṣù 15 yìí kún káàdì. Ọmọ ọdún 10, ọmọ ọdún 12 tẹ́ ẹ ń rí lónìí, ìkejì ò sí nígbà tiwọn, àfi tí wọ́n bá bá a pàdé nínú ìpolongo. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ò padà lọ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí lójú tèmi, níhà ọ̀dọ̀ wa níbí, àìpadà lọ ló ń dà wá láàmú ju àìgbàgbọ́ lọ. Ẹ wo bí káàdì ṣe tò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ó gba BCG tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó máa ń fi àpá sílẹ̀ lápá òsì, ó gba ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, wọ́n kán polio sí i lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ó gba pẹ́ńtà, ìyẹn àbẹ́rẹ́ kan tó dojú kọ nǹkan márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, gbọ̀fungbọ̀fun, ikọ́ ahúbì, tẹ́tánọ́ọ̀sì, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, àti kòkòrò Hib tó ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn, ó sì tún gba èyí tó wà fún òtútù àyà lọ́tọ̀, ti ìgbẹ́ gbuuru, àti polio. Gbogbo ìgbà yẹn ìyá ọmọ ṣì wà nílé, ìyá àgbà ṣì wà nítòsí tó ń bá wọn wẹ ọmọ. Lẹ́yìn náà, tí a bá yọ fítámì A ti oṣù mẹ́fà kúrò, kò sí nǹkan kan mọ́ títí di oṣù mẹ́sàn-án, kó tó dìgbà yẹn ìyá ti padà sọ́jà, tàbí sí ọ́fíìsì tí ọ̀gá ò ní gbà kó máa tọrọ àyè. Oṣù 15 wá jìnnà pátápátá, ọmọ ti ń sáré kiri, ara ẹ̀ le, ta ló ń rántí káàdì?

Ìyá míì á wá rántí o. Á tọrọ àyè, á wọ ọkọ̀, á débẹ̀, wọ́n á ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ torí àwọn ọmọ ò pé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí, inú bí i débi tó ní òun ò lọ mọ́, ó padà lọ sha. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún un rèé: àbẹ́rẹ́ èéyi máa ń wá ní gbígbẹ bí ìyẹ̀fun nínú ìgò kékeré, ìgò kan sì sábà máa ń gba ọmọ 10. Wọ́n á da omi tiẹ̀ sí i kí wọ́n tó fà á. Gbàrà tí omi yẹn bá ti kàn án, wákàtí mẹ́fà péré ló ní láyé, èyí tó bá kù di dídànù, torí wọn ò fi oògùn apakòkòrò sínú ẹ̀, tí ìdọ̀tí bá sì kó sí i tí wọ́n gún un fún ọmọ, ó lè pa á. BCG náà nìyẹn, ìgò tiẹ̀ tún lè gba ọmọ 20. Pẹ́ńtà yàtọ̀, wọ́n lè ṣí i kí wọ́n máa lò ó títí dé ọjọ́ 28 tí fíríìjì bá ṣe déédéé. Nọ́ọ̀sì tó bá rí ọmọ kan ṣoṣo fún èéyi á máa rò ó lọ́kàn pé tí òun bá ṣí i, ti ọmọ mẹ́sàn-án á ṣòfò, wọ́n á sì béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ń sọ ni pé kí wọ́n ṣí i kódà kó jẹ́ ọmọ kan ló wà níbẹ̀, torí ọmọ tó lọ láìgbà á burú ju ìgò tó ṣòfò lọ, èmi náà sì fara mọ́ ọn, àmọ́ ọ̀nà jìn láàárín ìwé WHO àti sẹ́ńtà tí wọ́n ń ka ìgò fún. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gún ti èéyi níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà ló ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀ fún un.

Ẹ̀rù tí àwọn kan tún ń bà ni ti iná, pé níbi tí iná ò sí, ṣé oògùn yẹn ò ti bàjẹ́? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn náà. Àwọn àbẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó jẹ́ 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius látìgbà tí wọ́n ti ṣe é títí wọ́n á fi gún un, ìdí tí ẹ fi ń rí fíríìjì sólà láwọn sẹ́ńtà kan àti kúlà tí wọ́n ń gbé kọ́rùn nìyẹn. Àmì kan wà lára ìgò náà, róbótó ni, onígun mẹ́rin kékeré kan wà láàárín ẹ̀ tí àwọ̀ ẹ̀ fúyẹ́ ju ti róbótó lọ. Bí ooru bá ṣe ń mú un, onígun mẹ́rin yẹn á máa dúdú sí i. Tó bá ti dúdú bákan náà pẹ̀lú róbótó tó yí i ká, ó ti bàjẹ́, kò gbọ́dọ̀ wọ ara ọmọ. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi hàn yín, ẹ̀tọ́ yín ni, èyí tó mọṣẹ́ ò ní bínú. Ọ̀fẹ́ náà ni ní sẹ́ńtà ìjọba, ẹni tó bá ń gba owó òwú àti owó káàdì lọ́wọ́ yín, jìbìtì ló ń lù yín.

Rùbẹ́là ni tuntun inú ẹ̀, òun sì ni ìdí kejì tí wọ́n fi ń gún ọmọ tí ti èéyi ẹ̀ ti pé. Kò sí lórí káàdì wa kó tó di 2025. Lára ọmọdé, kò ju ibà díẹ̀ àti ara tó sú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lọ, ó lè wá kó lọ láìsí ẹni tó mọ̀. Ọmọ tí kò tíì wáyé ló ń bà jẹ́. Tí aláboyún bá kó o, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, oyún lè wálẹ̀, tàbí kí ọmọ wá sáyé pẹ̀lú etí tí kò gbọ́ràn, ẹyinjú tí funfun ti bò, ọkàn tó ní àlébù. Dókítà ojú kan ní Australia, Norman Gregg, ló kọ́kọ́ já sí i ní 1941, nígbà tó ṣàkíyèsí pé àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ tí funfun bò lójú wá ti ní rùbẹ́là nínú oyún. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà lórí ìyá ọkọ tàbí obìnrin kan ní ìsàlẹ̀ ilé. Ọmọkùnrin náà gbọ́dọ̀ gbà á, torí òun ló máa kó o nílé ìwé tí á gbé e wá bá ìyá ẹ̀ tó lóyún. Ìdí tí wọ́n sì fi nà án dé ọdún 14 ni pé tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ díẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gún, rùbẹ́là á dínkù láàárín àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n kò ní tán, àwọn ọmọbìnrin tí kò bá wọn ní kékeré á wá dàgbà láìní ààbò, ìgbà tí wọ́n bá lóyún ló máa wá bá wọn. Ìdajì iṣẹ́ lórí rùbẹ́là lè burú ju kéèyàn má ṣe é rárá lọ.

Ti polio, tí a ń pè ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ariwo "ẹ tún ti dé" pọ̀ níbẹ̀ ju ibi yòókù lọ, torí ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ, wọ́n á kán an sọ́mọ lẹ́nu, wọ́n á fi yíǹkì kun èékánná ẹ̀. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé polio àtilẹ̀wá, ìyẹn èyí tí kò ti inú oògùn tí wọ́n ń kán wá, ti tán ní Áfíríkà, ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti rí èyí tó gbẹ̀yìn ní 2016. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń kán an? Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gba agbára ẹ̀ ló wà nínú èyí tí wọ́n ń kán lẹ́nu, ó sì máa ń bá ìgbẹ́ ọmọ jáde. Níbi tí ọmọ tó pọ̀ ti gbà á, ibẹ̀ ló parí sí. Níbi tí ọ̀pọ̀ ò ti gbà á, tí omi ò mọ́, á máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí òmíì fún oṣù púpọ̀, á máa yí padà díẹ̀díẹ̀ títí tí á fi tún lágbára àtirọ ọmọ. Irú èyí ṣì ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ọmọ tí kò gbà á tó ló sì sábà máa ń mú. Ẹ gbọ́, òótọ́ ni, mi ò sì rí ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, torí tí wọ́n bá fi pamọ́, ẹlẹ́tàn ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fáwọn èèyàn, á sì fi irọ́ kún un. Láti oṣù kẹta 2021 ni wọ́n ti ń lo irú tuntun tí kì í tètè yí padà bíi ti àtẹ̀yìnwá, èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ní tiẹ̀ kò ní nǹkan alààyè nínú rárá. Ẹni tó bá ní kò ní tán láéláé, ẹ rán an létí Ṣọ̀pọ̀nná. Ọdún 1970 ni wọ́n rí ìgbóná yẹn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní 1980 WHO ní ó ti kúrò láyé, wọ́n sì dáwọ́ àbẹ́rẹ́ ẹ̀ dúró, kò sí sẹ́ńtà kankan tí wọ́n ti ń gún ọmọ yín fún un.

Ìbẹ̀rù àwọn èèyàn ní gbòǹgbò o, ẹ má jẹ́ ká máa bú wọn. Ní 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń pa ọmọ ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer lọ dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀, ọmọ 11 kú, ẹjọ́ ẹ̀ pẹ́ títí di 2009 kí wọ́n tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Àbẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀? Ní 2008, oògùn eyín ọmọ tó ń jẹ́ My Pikin, tí májèlé kó sí, pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn aṣáájú kan ní Kano wá sọ ní 2003 pé polio ń sọ ọmọbìnrin di àgàn, etí tó ti gbọ́ ti Trovan ló gbọ́ ọ. Kano dáwọ́ polio dúró fún nǹkan bí oṣù 11, polio sì ti Nàìjíríà tàn dé nǹkan bí orílẹ̀-èdè 20, ó dé Yemen, ó dé Indonesia. Ti àgàn yìí náà ni wọ́n tún gbé dìde ní 2023 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ HPV fáwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, òun náà ni wọ́n tún ń sọ sí ti èéyi àti rùbẹ́là yìí. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń kán polio sí lẹ́nu láti 1996 ti di ìyàwó ilé, wọ́n ń bímọ, ẹ lọ wo Kano bóyá ọmọ wọ́n níbẹ̀.

Ohun tí káàdì tí kò pé ń fà, gbọ̀fungbọ̀fun ti fi hàn wá láti ìparí 2022. Kano àti Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde ẹ̀. Ọ̀fun ọmọ á dùn ún, awọ eérú kan á hù sínú ẹ̀, ọrùn á wú gbàgìrì, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í há, májèlé tí kòkòrò yẹn ń tú jáde á sì máa ba ọkàn jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kó tó di ìparí oṣù kẹsàn-án 2023, àwọn tó mú dájú ti ju 7,000 lọ, ó ti pa ju 400 lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò gba àbẹ́rẹ́ pé. Oògùn tí wọ́n fi ń pa májèlé yẹn sì wọ́n ní gbogbo ayé nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ pẹ́ńtà tó ń dènà ẹ̀ wà nínú fíríìjì sẹ́ńtà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tó wà láàárín ọdún kan sí méjì, 31 péré ló gba gbogbo àbẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ pé, nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024 ó gòkè dé 39. Ó gòkè lóòótọ́, àmọ́ mi ò rò pé ó tó pariwo. Ọmọ 95 nínú 100 ni wọ́n ń wá kí èéyi tó lè dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àròkọ tí Andrew Wakefield gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1998 lórí ọmọ 12, tó so MMR, ìyẹn àbẹ́rẹ́ tó ní ti èéyi àti rùbẹ́là nínú, pọ̀ mọ́ autism, ìṣòro kan nípa bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, wọ́n ti fà á padà láti 2010, wọ́n gba ìwé iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, síbẹ̀ àwọn tí kò mọ orúkọ ẹ̀ ṣì ń tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ nínú gúrúùpù ìjọ. Ní 2025, èéyi mú èèyàn 762 ní Texas kó tó rọlẹ̀, ó pa ọmọ méjì tí wọn ò gún lábẹ́rẹ́. Àwọn tó ń gbé ọmọ ọwọ́ bọ̀ wálé fún Kérésì wá ńkọ́? Nítorí pé oṣù 12 ni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà àti nílùú Ọba, ọmọ oṣù méje tẹ́ ẹ gbé wá sí àríyá ní Ìbàdàn ò tíì gba àbẹ́rẹ́ èéyi kankan. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ṣáájú ìrìnàjò, ọmọ oṣù 6 sí 11 lè gba ọ̀kan nítorí ìrìnàjò, wọn ò ní kà á mọ́ méjì tó yẹ kó gbà lẹ́yìn ẹ̀.

Lẹ́yìn àbẹ́rẹ́ èéyi àti rùbẹ́là, ara ọmọ lè gbóná, ara lè sú díẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 12 lẹ́yìn ẹ̀ pàápàá, ojú ibi tí wọ́n gún lè wú, á lọ fúnra ẹ̀. Ọmọ tí ara ẹ̀ ti kọ irú àbẹ́rẹ́ yìí rí débi tí ojú wú tí kò lè mí dáadáa, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ̀ kó tó fa abẹ́rẹ́. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ gbà á. Ọ̀fìnkìn àti ikọ́ kékeré ò ní kí ọmọ má gbà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá yín padà nítorí imú tó ń ṣàn. Tí káàdì bá sì ti sọnù, tẹ́ ẹ ò rántí èyí tí ọmọ gbà àtèyí tí kò gbà, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n á ya káàdì míì, èyí tí kò bá dá wọn lójú wọ́n á gún un, kódà kó jẹ́ pé ó ti gbà á rí.